Agogo Tí Ọwọ́ Ìyá Kò Tó

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń fọ́nnu pé bí òun bá ti gbójú wo ibà báyìí, ibà náà á tọrọ àforíjì, á sì gba ojú fèrèsé jáde. Ó ní ikú gan-an máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù òun, á yọjú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣìnà ni," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Sístà Aláṣepé ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tó yẹ Ọlọ́run nìkan, òun ló ń jẹ́ ẹ, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí oyin.

Agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó ní okùn gígùn. Bí aláìsàn bá fẹ́ omi, á fa okùn, nọ́ọ̀sì á gbọ́. Àmọ́ ariwo agogo ń bí Sístà nínú. Láràárọ̀, á ká gbogbo okùn náà, á so wọ́n mọ́ ìṣó lókè ògiri, níbi tí àgùnfọn gan-an á ti wá àga gùn kó tó tó o.

"Aláìsàn tí kò bá pe nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn," ló máa ń wí. Wọ́ọ̀dù á pa lọ́lọ́. Ọ̀gá àgbà á kọjá, á ní ìtọ́jú ibẹ̀ péye.

Ohun tí àwọn aláìsàn ń rí yàtọ̀. Ìyá Aránṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí wọ́n fi irin gbé e kọ́, máa ń fi ṣàwàdà: "Ìtọ́jú yìí mà dára o! Òùngbẹ ti gbẹ mí títí, ó ti di ọ̀rẹ́ mi." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Aṣọ ìbora ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù ti tutù fún ìtọ̀ láti òwúrọ̀.

Nọ́ọ̀sì kejì, ọ̀rẹ́ Sístà, ni wọ́n ń pè ní Ìyá Pẹ̀lẹ́, torí póò pàápàá, á kí i ní pẹ̀lẹ́ kó tó gbé e.

"Ọ̀rẹ́ mi, tú okùn yìí sílẹ̀," ló wí. "Jésù tó jẹ́ Olúwa bẹ̀rẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ èèyàn."

"Ṣé wọ́ọ̀dù tirẹ̀ kún tó tèmi ni? Èmi nìkan, ogun ọ̀kẹ́ aláìsàn!"

"Ó kún ju tìrẹ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè é, ó ń gbọ́."

"Ẹ gbà mí o, wàásù ti dé!"

Lóòótọ́, iṣẹ́ pọ̀, nọ́ọ̀sì ò tó. Ẹsẹ̀ Sístà máa ń wú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ìgbéraga ló so okùn, kì í ṣe ẹsẹ̀ wíwú.

Lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ilé ìwòsàn máa wá, ó so gbogbo agogo, títí kan ti ibùsùn tó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n lè tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó wá jáde lọ pàdé àwọn àlejò lẹ́nu géètì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti lọ gba oògùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìyá Sístà dé, èémí rẹ̀ ń há. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́ọ̀dù ọmọ yín rèé." Ó sáré lọ pe dókítà. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sístà ti ń fọ́nnu fún àwọn àlejò: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, agogo wọ́ọ̀dù mi ti dípẹtà! Kò sẹ́ni tó nílò ohunkóhun!"

Igbe kan ta láti inú wọ́ọ̀dù.

"Orin ni wọ́n ń kọ," ló wí. "Ayọ̀ ti pọ̀ jù fún wọn."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá Aránṣọ ló ń ké, ohùn rẹ̀ ti há. Lẹ́bàá fèrèsé, ìyá arúgbó kan ti yẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ọwọ́ rẹ̀ fara ti ògiri lábẹ́ okùn. Kò mí mọ́; dókítà ò tíì dé.

"Màmá mi!" Sístà figbe ta.

"Ó ń nawọ́ sí okùn," Ìyá Aránṣọ ń sunkún. "Ó ń wí pé, 'Ọmọ mi á gbọ́.' Sístà, ta ló so ó?"

Àwọn àlejò gbójú sókè. Gbogbo okùn wà lórí ìṣó. Sístà yíjú padà. Fìlà rẹ̀ já bọ́. Ó sá.

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ póò ló sá sí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, kò ríbi sá mọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti bá a nílẹ̀.

"Wọ́n ń pè mí sí màmá mi. Mo ní orin ni."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó sínú omi tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dì í mú. "Pẹ̀lẹ́. Pe Jésù. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́gi, kí ọwọ́ tìrẹ lè tó o."

"Jésù, èmi kọ́ ni aláṣepé. Èmi ni mo so ó. Ṣàánú mi."

Olúwa gbọ́. Ìyá ò jí. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ padà wọ wọ́ọ̀dù, ó ń tú okùn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń fi í lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Nígbà tó dé ẹ̀bá fèrèsé, ó tú tibẹ̀ náà, ó fi í sí ọwọ́ tó ti tutù.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ so mọ́ ìṣó? Ta ló ń ké pè ọ́ tó o ní orin ló ń kọ? Fọ́nnu títí dé ojú ọ̀run, lọ́jọ́ kan Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn. Má sá. Yàrá tó o ń sá lọ, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, Jésù ló sì dúró níbẹ̀. Pè é lónìí, nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì tó o.