Pákó Tí Káfíńtà Mú Lọ Dán Ayùn Wò

Kò sí ohun tó fi hàn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Káfíńtà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìwọ̀n-ò-purọ́ ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, eruku igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, ń lọ aṣọ lápá kejì. Ayùn oníná ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, iṣẹ́ sì ti ń pọ̀ jọ.

“Ìyá Ìbejì, mo ti rí ayùn lórí fóònù! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, owó pọ́ọ́kú ni ẹni tó ni ín sì ń tà á.”

Ìyàwó gba fóònù náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. “Bàbá Ìbejì, àná ni ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tajà níbí. Kò sí ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ rí tó wá sọ bó ṣe rí. Ẹ tún wo àwòrán yìí: ilẹ̀ ibí jẹ́ símẹ́ńtì, tọ̀hún jẹ́ táìlì. Ó jọ pé ó ṣa àwòrán ọjà àwọn olówò míì jọ ni. Wọ́n ní ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ẹni tí a ò tiẹ̀ rí ojú rẹ̀ wá ńkọ́?”

“Mi ò ní sanwó kí n tó rí ọjà. Mo sọ fún un pé n kì í ra irinṣẹ́ tí mi ò bá fi igi tèmi dán wò. Ó ní kò burú, kí n gbé pákó mi wá. Ṣé olè á sọ bẹ́ẹ̀?”

Ohun tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi dẹ pàkúté fún un.

“Ẹ ní kó gbé e wá síbí, tàbí iwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ mú ẹnì kan dání.”

“Ṣé ojú títì ni mo ti máa rí iná? Ó ní òun ò ráàyè gbé e wá, pé jẹnẹrétọ̀ wà níbi tí òun ń kọ́lé sí. Ìwọ lo mọ aṣọ, èmi ni mo mọ irinṣẹ́.” Ó gbé pákó há abíyá, ó jáde. Ìbínú ò jẹ́ kó sọ àdúgbò tó ń lọ.

Ilé náà kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń dún kíkankíkan lóòótọ́. Ọkùnrin kan fẹ̀rín kí i. “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.” Ìwọ̀n-ò-purọ́ fi pákó ti ògiri, ó lóṣòó, ó yí ayùn náà padà. Inú rẹ̀ ṣófo, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Kó tó gbójú sókè, ẹlòmíràn ti gbé pákó náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fi gbá a: àkọ́kọ́ bà á léjìká. Èkejì la orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó kígbe, jẹnẹrétọ̀ gbé igbe náà mì. Àṣé kí igbe má baà jáde ni wọ́n ṣe tan jẹnẹrétọ̀.

“Nọ́ńbà tó o fi ń ṣí fóònù!”

Ó kọ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì fi etí pákó gbá a. Egungun ṣẹ́. Wọ́n tún gbá a, ó sì sọ nọ́ńbà náà. Síbẹ̀ wọ́n ń ta á nípàá níhà títí kò fi mira mọ́. Àwọn birikílà tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ló wá bá a nílẹ̀.

Nílé ìwòsàn tí àwọn birikílà gbé e lọ, ìyàwó jókòó tì í. Fóònù obìnrin náà dún. Olùkọ́ kan tó máa ń ra àga lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n wá wo bẹ́ẹ̀dì nínú ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Iye rẹ̀ kéré jù, mo ní kí n kọ́kọ́ pè yín.”

“Ẹ má lọ o! Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ pa á ni fóònù rẹ̀ wà!”

Ojú ẹsẹ̀ ló pe báńkì kí wọ́n ti àpò owó ọkọ rẹ̀ pa, ó pe ọlọ́pàá, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo oníbàárà tó mọ̀. Ọlọ́pàá lọ sí ilé tí wọ́n pe olùkọ́ sí. Ọwọ́ tẹ ọ̀kan. Ìyókù ṣì wà níta.

Dókítà ò fi bò: “Ọwọ́ yìí á jinná, ṣùgbọ́n kò ní lè di irinṣẹ́ mú dáadáa mọ́.”

Káfíńtà yíjú sí ògiri. “Ìyá Ìbejì, ayùn ni mo yẹ̀ wò. Mi ò yẹ èèyàn wò.”

“Mo sọ fún yín!” ni ìyàwó fi ìbínú wí. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ náà parí, àwọn ọlọ́pàá dá pákó náà padà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni káfíńtà ní kí wọ́n kàn án mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò.

Ìwọ tó ń ka èyí, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Yẹ ẹni tó ń tajà wò kó o tó yẹ ọjà wò. Béèrè ẹni tó ti bá a ṣòwò rí. Ojútáyé ni kẹ́ ẹ ti pàdé, má dá lọ, sì jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tó o wà. Bí olówò bá kọ̀, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ayùn míì á wà lórí àtẹ lọ́la. Ọwọ́ ọ̀tún ò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni.