Ohun Tí Mojọlá Sọ ní Abúlé Àjàrà

Ọjọ́ tí Mojọláolúwa kọ́kọ́ fojú kan Ezekiel, ṣe ló yọ ṣùtì sí i. Àwọn màmá ìjọ ló háyà kóòṣì kan pé kí ó gbé wọn lọ sí etí òkun ní Margate, Ezekiel sì ni dírẹ́bà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ní Woolwich, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì pupa, ó ń gba báàgì lọ́wọ́ àwọn màmá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba ọmọ jòjòló.

Nígbà tó kan Mojọlá, ó nawọ́. Mojọlá wo ọwọ́ náà, ó wo táì, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣáà wa ọkọ̀ yín."

Ezekiel rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Sister. N ó wà á jẹ́jẹ́, kí báàgì yín má baà jí lójú oorun."

Àwọn màmá bú sẹ́rìn-ín. Mojọlá kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe dé etí òkun ni òjò dé. Gbogbo èèyàn sá wọ ilé oúnjẹ, àmọ́ Mojọlá ní òun ò lè bá èrò gbún ara wọn. Ó dúró síta lábẹ́ agbòòrùn kan tí afẹ́fẹ́ ti yí inú rẹ̀ síta. Ezekiel bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó léjìká, ó padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú òjò lórí. Òórùn ọṣẹ àti epo ọkọ̀ ló wà lára kóòtù yẹn. Mojọlá yínmú sí òórùn epo náà, síbẹ̀ kò bọ́ kóòtù títí wọ́n fi padà dé Woolwich.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Mojọlá nígbà náà, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù kan, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Thamesmead North. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí imú rẹ̀ kì í yín sí. Kọ́tìnì aládùúgbò, ó ní ó dà bí aṣọ òkú. Gẹ̀ẹ́sì pásítọ̀, ó ní gírámà ibẹ̀ nílò àdúrà ju àwọn aláìsàn lọ. Àwọn kẹ́rà tó ń bá wọn tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, "àwọn ọmọ yẹn" ló ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn lè bí i.

Síbẹ̀ ó fẹ́ràn Ezekiel. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọkùnrin náà fi ń dúró dè é nínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́, ìrẹsì gbígbóná nínú fúláàsì.

"Àjíkẹ́ mi," ni yóò wí, "jẹun kó o tó sọ̀rọ̀. Ebi ló ń fi ẹnu ẹ bá àwọn èèyàn jà."

Mojọlá á rẹ́rìn-ín, á gbé orí lé e léjìká. Inú mọ́tò yẹn nìkan ni ibi tí kì í ti í gan ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó bá bọ́ síta ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Bí àwọn ará ìjọ bá béèrè iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, á ní, "Ó wà ní ẹ̀ka ìrìnnà." Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé mínísítà ni.

Ìyá rẹ̀ ni kò ṣeé tàn.

"Dírẹ́bà," ni Mummy wí, bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. "Mojọlá, dírẹ́bà. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà."

"Mummy, kóòṣì ló ń wà. Ó ń lọ sí Europe."

"Ẹni tó ń wa èèyàn lọ sí Europe, ṣé òun náà ló ń lọ ni?"

Ó yẹ kí Mojọlá bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn létí.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún, Ezekiel ní òun fẹ́ mú un lọ síbì kan.

"Jámánì ni. Abúlé kékeré kan létí odò Mosel, Rebenau lorúkọ ẹ̀. Àjàrà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀."

"Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí?"

"Òun ni."

"Èmi àti ìwọ, tí a kì í fi ọtí kan ẹnu, la fẹ́ lọ máa wo ọtí?"

"Àjíkẹ́, kì í ṣe torí ọtí. Nǹkan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ níbẹ̀."

Lọ́nà ni ó ti ṣàlàyé. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó gbé àwọn àgbàlagbà kan lọ sí abúlé yẹn, ẹ́ńjìnnì kóòṣì sì dákú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dúró de irin tí wọ́n máa pààrọ̀. Opó kan tó ń jẹ́ Veronica ló gbà á sílé, ẹni àádọ́rin ọdún tó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ roko. Ezekiel bá a dé oko lọ́jọ́ kìíní, ó sì bá a ká àjàrà fún ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Láti ìgbà náà, bó bá gba ìsinmi, ibẹ̀ ló ń lọ.

"Nítorí náà, o fi ìsinmi ẹ ṣiṣẹ́ lébìrà," ni Mojọlá wí.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó dé. Odò wà ní iwájú abúlé náà, òkè ńlá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, àjàrà sì bo òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé téńté. Veronica ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá Ezekiel mọ́ra bí ọmọ tó ti àjò dé, ó sì fún àwọn méjèèjì ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mojọlá yínmú sí ìtàkùn gbígbẹ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára àwòrán òkè bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka nu orí fèrèsé bóyá eruku wà níbẹ̀. Kò sí. Ìyẹn náà bí i nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ezekiel mú un káàkiri. Ó ń ṣe é bí ẹni ń fi ilé baba rẹ̀ han ìyàwó.

Ó kọ́kọ́ mú un dé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n fa ìlà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ibi tí omi dé nígbà tí odò kún nìyí. Wo èyí, ó ga jù mí lọ. Wọ́n kó ẹrẹ̀ jáde nínú ilé, wọ́n tún padà jókòó."

"Ní Thamesmead, bí omi bá wọlé, káńsù là ń pè. A kì í kọ ọ́ sára ògiri."

Ó mú un dé gbàgede, níbi tí igi ńlá tí wọ́n fi ń tẹ àjàrà láyé àtijọ́ wà.

"Irú èyí wà nílé ìtẹ̀gàárì ní Ìkòròdú," ni Mojọlá wí. "Mi ò rí ẹni tó ń ya fọ́tò ẹ̀ rí."

Ó fi ilé àtijọ́ kan hàn án, ilé tí igi hàn lára ògiri rẹ̀ lóòró àti níbùú, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sókè ilẹ̀kùn rẹ̀. "Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn, àti ti ìyàwó ẹ̀. Àgbẹ̀ làwọn méjèèjì."

"Pẹ̀lú bó ṣe wọ́ yìí? Èmi ì bá fi orúkọ mi pa mọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí kànga tí wọ́n fi òdòdó yí ká, Mojọlá kò tilẹ̀ dúró. "Ezekiel, kànga rèé. Torí kànga ni ìyá mi ṣe sá kúrò ní Nàìjíríà."

Ezekiel ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Nídìí kànga yìí, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n gun òkè. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ló bo ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà, òkè náà sì ga débi pé ọwọ́ làwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Nígbà tí wọ́n dé òkè téńté, Ezekiel dúró, ó kọjú sí i.

"Bàbá mi gbin kòkó ní Ìdànrè," ni ó wí. "Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, tó bá wá wò mí pẹ̀lú ẹsẹ̀ oko, mo máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé alábàárù wa ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Kò bá mi wí. Ó gbé iṣu tó gbé wá sílẹ̀, ó sì lọ. Ó kú kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí àgbẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn, mo sì jókòó sórí òkúta yẹn, mo sunkún." Ó fi ọwọ́ sápò kóòtù. "Oko náà ṣì wà, Àjíkẹ́. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fowó ránṣẹ́ kí wọ́n máa tún un ṣe. Mo fẹ́ ká fẹ́ ara wa, ká sì jọ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Ẹ̀rù ba Mojọlá. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí sì ń béèrè nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n Mojọlá kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù láìgan nǹkan.

"Oko?" ni ó wí. "Kí ẹ̀fọn máa jẹ mí nítorí ṣokoléètì?"

Ezekiel yọ ọwọ́ kúrò lápò. Kò sí nǹkan nínú ọwọ́ náà.

"Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀," ni ó wí. "Màmá ń dúró dè wá."

Veronica ti wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó se ọ̀dùnkún àti ẹran, ó sì gbé ìgò kan síwájú Mojọlá. Omi àjàrà lásán ni, tí kò tíì di ọtí. Látìgbà ìkórè ló ti fi pamọ́, torí Ezekiel ti sọ fún un pé aya tí òun fẹ́ fẹ́ kì í mu ọtí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Mojọlá bóyá abúlé àwọn wù ú.

Mojọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi Yorùbá dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni ń kíni.

"Ezekiel, sọ fún un pé mo ti rí ògiri wọn, mo ti rí kànga wọn. Sọ fún un pé àgbẹ̀ ni òun, àgbẹ̀ ni ìwọ, kí ẹ kúkú fẹ́ ara yín. Mi ò kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù kí n wá fẹ́ ará oko tó ń wa ọkọ̀."

Veronica ń wo Ezekiel, ó ń dúró kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ezekiel gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ó ní abúlé yín rẹwà," ni ó sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ yín."

Inú ìyá náà dùn débi pé omi lé sójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó fi méjèèjì di ọwọ́ Mojọlá mú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, Mojọlá nu ọwọ́ tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ezekiel rí i.

Wọ́n wakọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Láti odò Mosel, wọ́n gba ọ̀nà abẹ́ òkun wọ England. Ní Thamesmead, Ezekiel gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Mojọlá, ohun tó o sọ lánàá, ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Àwàdà ni mò ń ṣe."

"Rárá," ni ó wí, ó sì lọ.

Mojọlá kò pè é. Ó ní Ezekiel ló máa pe òun. Dírẹ́bà wo ló máa rí irú òun? Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Kò sí fúláàsì níwájú ọsibítù mọ́, Mojọlá sì ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ń gan gbogbo èrò inú rẹ̀.

Inú Mummy dùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó ní, "Ọlọ́run ló yọ ẹ́. Èmi fẹ́ bàbá ẹ, kí ni mo rí? Agbálẹ̀ réluwéè. Bí mo bá ti rí i nínú yunifọ́ọ̀mù yẹn báyìí, ebi mi á kú. Mo máa ń sọ fún un lójú ẹ̀ pé ìgbálẹ̀ ló yẹ kó fẹ́." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Mojọlá gbọ́ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín tirẹ̀ gan-an ni.

Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó rántí bó ṣe máa ń gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ jáde sí bàlíkónì, tó máa ń jẹun lórí ìdúró, tí ó kọjú sí omi kánààlì, kódà nígbà òtútù. Nígbà tí Mojọlá wà ní kékeré, ó rò pé atẹ́gùn ló ń gbádùn. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì kí ó tó mọ̀ pé tábìlì yìí ni bàbá òun ń sá fún.

"Mummy," ni ó wí, "ṣé ẹ fẹ́ràn Daddy rí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ṣé ẹ fẹ́ràn wọn?"

Ìyá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an," ni ó wí, ojú rẹ̀ sì wo ibòmíràn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mojọlá lọ sí ilé Ezekiel ní Woolwich Dockyard. Ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ó kanlẹ̀kùn. Ezekiel ṣí i.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹ wọlé."

Ó gba kóòtù rẹ̀, ó fa àga fún un, ó po tíì. Mojọlá kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, òun tí kò kúnlẹ̀ fún pásítọ̀ rí.

"Mo ti kọ lẹ́tà sí Màmá Veronica. Mo sọ ohun tí mo sọ gan-an fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n. Ìwọ náà ni mo wá bẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ, Ezekiel. Bó bá jẹ́ oko ni, n ó lọ."

Ezekiel fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti forí jì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti forí jì yín."

"Kí ló dé tó o fi ń pè mí ní 'ẹ'? Èmi ni. Àjíkẹ́ ni."

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ mu tíì yín kó má baà tutù."

Mojọlá wo ojú rẹ̀, ó ń wá ẹ̀gàn níbẹ̀. Bó bá rí i, ì bá mọ bí yóò ṣe bá a jà, torí kò sí èdè tó gbọ́ tó ẹ̀gàn. Kò rí i. Ọ̀wọ̀ ló rí, ọ̀wọ̀ pípé, irú èyí tí èèyàn ń fún ìyá oníyàá nínú bọ́ọ̀sì.

Ó mu tíì náà tán torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ezekiel bá a wọ kóòtù rẹ̀, ó sì sìn ín dé orí àtẹ̀gùn.

"Ẹ rọra o," ni ó wí. "Òjò ti rọ̀ síbẹ̀, ó ń yọ̀."

Ó dúró lókè, ó ń wò ó títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ tán.