Oúnjẹ Ibojì Tí Peishan Jẹ́wọ́

"Gbà, jẹ ẹ́, bàbá àgbà rẹ ń wò ọ́!"

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ọjọ́ tí a lọ tún ibojì ọkọ mi ṣe lẹ́yìn ìlú Chiayi ni. A ti ro koríko, tùràrí ti jó tán, ó wá ku kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ tí a gbé síwájú òkú. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́, ìbùkún ló kọ̀ yẹn. Mo fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ẹran, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà lílọ̀ oníṣúgà fún Peishan, ọmọ ọmọ mi.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó wọn kílò méjìdínlọ́gọ́fà. Ṣúgà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó bá sùn, èémí rẹ̀ máa ń dúró. Dókítà Tsai, obìnrin oníṣẹ́ abẹ, fẹ́ gé àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ó ní kó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì mu nǹkan olómi nìkan, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè sún kì, kí irinṣẹ́ lè ráyè kọjá.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré."

Ọmọ mi Kun-han, àbúrò bàbá rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ayaba! Àbí bàbá wa ló fi májèlé sí i ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ìkejì. Nígbà tí a délé, kò lè dúró mọ́. Ìrẹsì àti tòlótòló, tíì oníwàrà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Èmi ni mò ń bù ú fún un, tí mò ń kọrin, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Dókítà Tsai béèrè pé, "Peishan, kí lo jẹ?"

Mo ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Nǹkankan ò kan ẹnu ẹ̀, Dókítà! Omi lásán!" Mo sì tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Peishan fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. "Mo jẹun, mà. Láti ọjọ́ ibojì ni."

Dókítà gbé gègé sílẹ̀. "O ṣeun. Ká ní mo la inú rẹ lónìí, mo lè fa ẹ̀dọ̀ yẹn ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Mi ò ní ṣe é. Oṣù tó ń bọ̀ ni àyè tún wà."

Ọmọ sunkún títí a fi délé. Èmi náà bínú, mo ní ó dójú tì mí. Ó nu ojú rẹ̀ nù.

"Màmá àgbà, ẹ má bù fún mi mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ wá bá mi rìn."

Ṣé ọmọ tí mo ń kẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa? Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, a ń yí ọgbà ìlú po, mo sì ń dá orin fún un:

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbéra,
Ẹsẹ̀ òsì, tẹ̀lé e,
Ọmọ mi ń kọjá lọ,
Ẹ yà fún un lọ́nà o!"

Kun-han gbé adìyẹ díndín wá. "Ẹyọ kan péré. Ta ló máa sọ fún dókítà?"

"Èmi ni màá sọ fún un, Bọ̀ọ̀dá," ni Peishan wí.

Kun-han bá dá a jẹ, ojú ẹ̀ rí bí ti ẹni tí òjò pa.

Nígbà tí oṣù pé, Dókítà Tsai tún béèrè. Mo di ẹnu mi mú.

"Nǹkan olómi nìkan, mà," ni Peishan wí, "àti ìbínú."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wákàtí méjì ni iṣẹ́ náà gbà, ó sì yọrí sí rere. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì ní kó dìde rìn díẹ̀. Ojú rẹ̀ le, ó di ọ̀pá tí wọ́n fi àpò omi ìtọ́jú kọ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, àgbàlagbà tó fẹ́ràn yín lè ṣi yín lọ́nà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Irọ́ mi ì bá ti pa Peishan. Òótọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n rí i tó ń rìn bọ̀ wá bá mi.