Ọjọ́ Ọkùnrin, Ọjọ́ Obìnrin

Ojú méjì tó ń rẹ́rìn-ín lókè ìbòmú aláwọ̀ ewé ni Eneida kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin náà kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n síwájú rẹ̀, níbi tó ti ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá kan ní Colón, ní ilẹ̀ Panama.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá mi fẹ́ dín in, kó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kó tún un dín."

"Dúdú ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe pípọ́n. Ta ló rán yín lọ́jà?"

"Ìjọba ni, arẹwà. Wọ́n ti ti ìyá mi mọ́lé lónìí."

Bẹ́ẹ̀ layé rí lọ́dún kòrónà. Obìnrin ní ọjọ́ tirẹ̀, ọkùnrin ní tirẹ̀, wákàtí méjì péré lẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ń jáde. Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà bíi Eneida ló ní ìwé àṣẹ tó fi ń jáde lójoojúmọ́.

Gbogbo ọjọ́ ọkùnrin ni Abdiel, ọkùnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ti dá dúró, ń wá sórí ìlà Eneida, bí ìlà yòókù tilẹ̀ ṣófo.

Ṣùgbọ́n agara ti dá Eneida. Wọ́n ń bú u nítorí ìrẹsì tó tán. Oorun ò kùn ún. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń kí ìyá rẹ̀, kó má baà kó àrùn ràn án. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé àpò iyọ̀ Abdiel dání, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe mọ́. Omijé ń ṣàn sínú ìbòmú rẹ̀.

"Eneida, o ò rí dókítà ni?"

"Mo rí i. Ó ní kí n sinmi oṣù méjì. Ìwé rẹ̀ wà lápò mi látọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Kí ló dé tí o ò fún ọ̀gá ẹ?"

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ obìnrin nìkan ni n ó máa jáde. Níbo ni n ó ti rí ẹ?"

Bàbá kan lẹ́yìn húkọ́. "Ẹ̀yin olólùfẹ́, wákàtí mi ń lọ o."

Abdiel ò wẹ̀yìn. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n má rí ẹ, kí o wà, ju kí n máa rí ẹ, kí o máa tán lọ lójú mi."

Eneida fún ọ̀gá rẹ̀ níwèé dókítà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Ó ń sunkún láìmọ ìdí. Abdiel ń pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn kì í gbé e, Abdiel kì í sì í bínú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín padà sẹ́nu Eneida.

Nígbà tí ìjọba fagi lé òfin náà, wọ́n jọ jókòó létí òkun.

"Ó lè tún rẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ o, Abdiel. Ọjọ́ mìíràn á wà tí mi ò ní lè dìde."

"Má dìde lọ́jọ́ yẹn. Èmi á jókòó tì ọ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí irun wa á fi funfun, bí ìyá ẹ bá gbà fún mi."

"Ìyá mi ti gbà tipẹ́. Ó ku èmi."

Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, oorun sì gbé e lọ nínú atẹ́gùn òkun. Apá Abdiel kú tipiri, kò mira. Nígbà tí Eneida jí, oòrùn ti ń wọ̀.

"Mo gbà," ó ní.