Ilẹ̀kùn Tí Ó Ń Ṣí Síta

Orí àga ni ọkùnrin náà dúró lé nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí i, ó ń yọ bátìrì kúrò nínú aago ara ògiri. Ẹfun ìkọ̀wé ti ta sí etí àpò rẹ̀. Nígbà tí ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ṣúgà.

"Ẹ má bínú. Aago tiyín fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa. Bí a bá fi èyí sílẹ̀, orí ẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀ ìjà."

"Ta ló wá máa sọ fún wa pé ọ̀sán ti tó?"

"Ikùn yín ni, mà."

Ẹ̀rín gbọ̀n nọ́ọ̀sì, ó sì gbé e mì. Tíṣà ni ọkùnrin náà, ará òdìkejì odò sì ni. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógún tí apá méjèèjì ti ń fa ilẹ̀ etí odò náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún là á sí méjì, ẹni tí wáyà bá sì ká mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹrù tí ó bá lè gbé sáré ló kù fún un. Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ti ṣa ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà láti apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kẹta tí kì í ṣe ti apá kankan.

Adájọ́bìnrin tí ó ti fẹ̀yìntì ni alága wọn, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: o kò gbọ́dọ̀ fèsì fún ẹnikẹ́ni àfi tí o bá kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé, "Ohun tí mo sọ nìyẹn." Òfin náà le. Ọ̀rọ̀ ẹni tí èèyàn kórìíra a máa há lọ́fun.

Ṣùgbọ́n nídìí ẹ̀rọ omi, lásìkò ìsinmi, tíṣà sọ ọ́ di àwàdà.

"Ẹ ní nítorí tèmi lẹ ṣe máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá!"

"Ó dáa, ẹ sọ ọ́, kí n lè gbọ́."

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ti kúrò lórí "ẹ," wọ́n ti dé orí "ìwọ." Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Lọ́sẹ̀ keje, alága ní kí oníkálùkù ya àdúgbò rẹ̀ sórí pépà. Tíṣà ya ilé kan lẹ́bàá afárá onírin.

"Ìta ni ilẹ̀kùn wa ń ṣí sí," ó ní. "Ó ti gbá imú èrò púpọ̀. Gbogbo káfíńtà ló fẹ́ yí i padà, ìyá mi ò gbà. Wọ́n ní ẹni tó kàn án báyẹn nídìí tó fi ṣe é, àfi tó bá wá sọ ọ́ fún wa."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dọọdún ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ ọ́: ibi tí òun ti ń kan ilẹ̀kùn ilé àwọn lẹ́bàá afárá, kí wáyà tó dé, ni wọ́n ti pariwo pé ìyàwó òun ti bí, òun kàn án sódì, òun sì sáré lọ.

Ó lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó dìde.

"O ní ìta ni ilẹ̀kùn yín ń ṣí sí."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Bàbá mi ló kàn án."

Ojú tíṣà ṣú. "Ìjọba ló kó wa síbẹ̀," ó ní ní ohùn kékeré. "Tiwa ti jóná. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà." Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti jáde.

Nílé, bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú sókè lórí pákó tí ó ń fá.

"Ẹni tó ń sùn nínú yàrá mi lo fẹ́? Mú ọ̀kan, ọmọ yìí. Èmi tàbí òun."

"Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Bàbá wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni nọ́ọ̀sì kò fi lọ sípàdé. Lẹ́yìn náà ni alága mú lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì sì kà á sétí bàbá rẹ̀: *Bí bàbá bá ní kí n lọ, màá lọ. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ gbọ́ mi.*

Bàbá tún padà sídìí pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé, ó wọ bàtà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ó yá. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀."

Ní gbogbo ọ̀nà, òòlù inú àpò yẹn ni nọ́ọ̀sì ń wò.

Tíṣà dìde nígbà tí wọ́n wọlé. "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Inú ilé yín ni mo gbé dàgbà. Ọmọ yín ni mo sì ń fẹ́. Mi ò lè fi ọ̀kan bo èkejì."

Bàbá la ẹnu. Alága na ìka. "Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ, sà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. "O ní… inú ilé mi lo gbé dàgbà. O ní ọmọ mi lò ń fẹ́."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn, sà."

"Ilé mi ni! Mi ò ní yéé sọ ọ́ títí mo fi máa kú!"

"Ẹ ní ilé yín ni," ni tíṣà wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò sì ní yéé sọ ọ́."

Bàbá dúró. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sí ará òdìkejì kan tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ohun tí mo sọ nìyẹn," ó ní jẹ́jẹ́. Ó fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀. "Sọ fún ìyá rẹ pé ìdí tí ilẹ̀kùn yẹn fi ń ṣí síta ló dúró yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni."

Ó fa irin méjì tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tí ó fi ń tì yọ nínú àpò. "Mo ti fẹ́ ní kí o fi ìwọ̀nyí yí ilẹ̀kùn yẹn padà. Rárá o. Ọjọ́ tí wáyà bá kúrò, èmi ni màá wá yí i. Ilé tí ẹ̀yin bá rí gbé ní ìlú kẹta yìí ni kẹ́ ẹ fi wọ́n kan ilẹ̀kùn sí."

"Kó máa ṣí síbo, Bàbá?" ni nọ́ọ̀sì bi í pẹ̀lú ẹkún.

"Ẹ bá ara yín sọ ìyẹn."

Tíṣà kọjú sí nọ́ọ̀sì. "O ní wàá fẹ́ mi."

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, sọ ọ́, kí n lè gbọ́."

"Mo ní màá fẹ́ ọ."

Ó yẹ kí tíṣà tún un sọ gẹ́gẹ́ bí òfin. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Gbogbo wọn ń dúró.

"Ó ní òun máa fẹ́ ọ," ni bàbá bá a sọ.

"Ohun tí mo sọ nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí.