Ohùn Tí Gbogbo Ilé Mọ̀

Bí aago méje òwúrọ̀ bá ti lù, ẹni tó ń fọ eyín á dá ọwọ́ dúró, ẹni tó ń di okùn bàtà ọmọ á gbé orí sókè. Agogo ló fẹ́ ka ìròyìn. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti ń kà á ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Àwọn olùgbọ́ ló fún un ní ìnagijẹ yẹn, nítorí ohùn rẹ̀ já geere.

Nígbà tí ìdìbò alága ìjọba ìbílẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ọ̀gá Ìròyìn lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìròyìn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni méjì ni òun ń wò fún iṣẹ́ kíka èsì ìbò: Agogo àti Ẹlẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rìn-ín! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀! Ọmọ tí Agogo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń jókòó síwájú gbohùngbohùn kí èémí má baà dún wọ inú ọ̀rọ̀!

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, wọ́n kọ orúkọ wa pọ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, eyín rẹ̀ funfun báláú.

"Mo rí i," Agogo fèsì. "Ojú mi ò fọ́."

Kò pẹ́ tó gbọ́ tí atẹ̀wé ń sọ fún awakọ̀ pé, "Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n máa mú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ń tẹ̀lé e lórí ayélujára. Èèyàn mélòó ló ń tẹ̀lé Agogo?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà. Ó ṣí ojú ewé Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òní lọ sí àná, títí dé ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ṣí i. Ó ń wá ohun kan tí òun lè gbé tọ ọ̀gá lọ.

"Ìyá Ìbejì, kí lò ń wá láti ẹ̀ẹ̀kan?" ọkọ rẹ̀ bi í, ó ń fá pákó.

"Mo ń wá ohun tí wọ́n rí lára ọmọ yìí."

"O wá rí i?"

"Ológbò! Bàbá Ìbejì, ológbò ni! Ológbò sùn, ológbò jí, ológbò wọ inú páálí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ní àwọn fẹ́ràn ológbò tó ń yán!"

"Bóyá ológbò náà mọ̀ ọ́n yán ni."

Agogo kò rẹ́rìn-ín. Kò rí ọ̀rọ̀ òṣèlú kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ó lè fi mú un. Ìyẹn gan-an tún bí i nínú.

Ìgbà yẹn ló pinnu pé òun náà á ní àwọn tí yóò máa tẹ̀lé òun. Ó mọ òfin ilé iṣẹ́ wọn, ó ti fọwọ́ sí i: ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìròyìn kò gbọdọ̀ sọ níbikíbi lórí ayélujára pé ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje báyìí ni òun wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ojú ewé tirẹ̀. Ó wá dá ọgbọ́n. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó pè é ní Ará Ìlú. Kò fi àwòrán sí i, kò fi orúkọ sí i. Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ iṣẹ́ ohùn ló mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ìwé kíkọ sì máa ń sú u. Ó di fóònù mú, ó sọ̀rọ̀, ó sì gbé ohùn náà síta.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ dá lórí ìdọ̀tí ojú gọ́tà. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì ló kan àwọn olùdíje. Méjì ni wọ́n: olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti oníṣòwò kan tó ń ta sìmẹ́ńtì. Agogo ní, "Ẹni tí kò mọ̀ ju ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì lọ, kí ló mọ̀ nípa ìlú? Ẹ dìbò fún olùkọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi."

Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ti gbọ́ ọ. Agogo ń se ọbẹ̀, ó ń wo fóònù, ọbẹ̀ ń jóná. Ṣé Ẹlẹ́rìn-ín rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́jọ́ mẹ́ta rí? Inú rẹ̀ dùn títí ó fi ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sísàlẹ̀.

"Ohùn yìí mà jọ ti Agogo o!"

"Jọ kẹ̀? Òun gan-an ni. Ohùn tó ń jí mi lójoojúmọ́, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n?"

"Rédíò ìjọba ti wà lẹ́yìn olùkọ́ nìyẹn."

Ohun kan ṣoṣo tí ìlú mọ̀ mọ́ Agogo lára ni kò fi pamọ́. Kíá ló pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ láti fóònù dé fóònù.

Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́ta, ìjì ká òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dìbò. Àjọ elétò ìdìbò kọ̀wé pé kí wọ́n lọ dìbò ní ilé ìkàwé. Agogo ka ìkéde náà ní aago méje. Ní aago mẹ́jọ, fóònù ilé iṣẹ́ kò sinmi mọ́.

"Ẹ sọ fún Agogo pé a kì í ṣe ọmọdé," obìnrin kan pariwo. "Ó fẹ́ kó àwa tá a fẹ́ dìbò fún onísìmẹ́ńtì lọ síbi tí kò sí àpótí ìbò. Sùkúù la ti ń dìbò, ibẹ̀ la máa lọ!"

Ọ̀gá Ìròyìn pe Agogo sínú ọ́fíìsì. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Agogo sì jáde.

"Ta nìyí?"

"Ọ̀gá, ojú ewé tèmi ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Mi ò sì fi orúkọ..."

"Tó o bá ń lọ sílé, ṣé orí tábìlì lo máa ń fi ohùn ẹ sí?"

"Àbí èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ẹni tí mo fẹ́ ni, Ọ̀gá?"

"O ní ẹ̀tọ́. Fi ìka ẹ sọ ọ́ lórí ìwé ìbò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń dìbò, ìyàwó mi ò tíì mọ ẹni tí mò ń dì í fún. Gbogbo ará ìlú ló ni rédíò yìí. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn fún wọn bá ti yan ẹgbẹ́ ní gbangba, ìdajì wọn ò ní gba ìròyìn náà gbọ́ mọ́, kódà bó jẹ́ òtítọ́. Ìkéde àárọ̀ yìí, ṣé irọ́ ni?"

"Òtítọ́ ni."

"Ta ló gbà á gbọ́?"

"Mo ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, Ọ̀gá."

"Lórí fóònù ẹ. Lọ pa á rẹ́ lórí tiwọn." Ó mí kanlẹ̀. "O ò ní ka èsì ìbò, o ò sì ní ka ìròyìn títí ìdìbò á fi parí. Ṣùgbọ́n ìkéde yìí gbọ́dọ̀ dé etí wọn kó sì wọ̀ ọ́. Ta ni ká fún kà?"

Ọ̀gá mọ ẹni tó yẹ. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Agogo ni.

"Ẹlẹ́rìn-ín," ni Agogo sọ, bí ẹni tó gbé egbòogi kíkorò mì.

"Lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹlẹ́rìn-ín ń to ìwé nígbà tó wọlé. Agogo sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó.

"Àǹtí mi, màá kà á," ọmọbìnrin náà dáhùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́. Tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti ń yún mi lọ́wọ́, àwòrán ológbò ni mo máa ń gbé sórí ojú ewé mi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó."

Lọ́sàn-án, pẹ̀lú àṣẹ Ọ̀gá Ìròyìn, Agogo sọ lórí afẹ́fẹ́ pé òun lòun sọ̀rọ̀ yẹn, pé kì í ṣe èrò ilé iṣẹ́, ó sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín ka ìkéde náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń kà á ní wákàtí wákàtí.

Ní ọjọ́ ìdìbò, ọ̀gá ní kí Agogo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ó máa darí àwọn tó bá ṣì wá. Bàbá arúgbó kan ti jókòó sórí òkúta, rédíò kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń dìbò."

Bàbá náà gbé ojú sókè. "Agogo. Ìwọ lo ní ká má dìbò fún ẹni wa. Níbí ni mo wà."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò mira. Ìgbà tó yá ni Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò náà: ilé ìkàwé, kí aago méjì tó lù. Bàbá náà tẹ́tí sí i dé ìparí. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ìkàwé lọ, láìwẹ̀yìn wo obìnrin tó ti sọ ohun kan náà fún un ní ìgbà mẹ́rin. Owú jẹ Agogo dé egungun. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí ẹlòmíràn tí yóò bínú sí.

Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tàbí tẹlifíṣàn tó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, kò sí ojú ewé kan lórí ayélujára tí yóò sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Bí o bá pa orúkọ mọ́, wọ́n á mọ̀ ọ́. Bí o bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹnìkan á ti fi í ránṣẹ́. Ka òfin ilé iṣẹ́ rẹ, kí o sì tẹ̀ lé e. Bí ìlara iye èèyàn tó ń tẹ̀lé ẹlòmíràn bá ń jẹ ọ́, gbé fóònù sílẹ̀, lọ ṣe iṣẹ́ rẹ. Dìbò fún ẹni tó wù ọ́, kí o sì pa ẹnu mọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ náà, bí ìkéde bá rú yín lójú, ẹ pe àjọ elétò ìdìbò kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Wákàtí tí ẹ bá fi jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó ti tì, ìbò yín ló ń kọjá lọ.