Pílásítà Ẹsẹ̀ Rọ̀kíbátù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó wà níta kó wọlé, ẹni tó nasẹ̀ kó ká a kò, kí àyè lè gbà wá. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹsẹ̀ tí ìlara fẹ́ gé dànù!

"Ẹsẹ̀ rẹ ń jẹrà, o ò mọ̀! Padà sí Ìjẹ̀bú kí o lọ kú síbẹ̀!"

Dọlápọ̀, ìyàwó kejì Kàsúmù onítẹ̀wé ní Ṣómólú, ló ń jágbe mọ́ ìyáálé ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọkọ ẹ̀, kì í sinmi! Rọ̀kíbátù ni ìyáálé náà. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ló ti wọlé ọkọ. Àtọ̀gbẹ wá sọ ẹsẹ̀ ẹ̀ di òkú, kò mọ iná, kò mọ ẹ̀gún. Nígbà tó yá, ọkàn ẹ̀ náà kú bíi ti ẹsẹ̀. Èébú á bà á, á kọjá, bí òjò lórí páànù ilé ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta, egbò mẹ́ta! Dókítà ní tí ẹ̀kẹrin bá yọ, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Kàsúmù pàápàá ti ń ní kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Ohun tí Dọlápọ̀ ń wá nìyẹn: yàrá iwájú, àti ọkọ fún òun nìkan!

Ọjọ́ kan tí Dọlápọ̀ jáde, Nọ́ọ̀sì Olúwafimíhàn tó ń tọ́jú egbò náà wá láti Bàrígà, ó lẹ pílásítà pẹlẹbẹ kan mọ́ gìgísẹ̀ Rọ̀kíbátù.

"Mà, òwú inú ẹ̀ kéré ju irun tí wọ́n là sọ́nà ẹgbẹ̀rún lọ. Ó ń mọ ooru. Tí iná bá kàn yín, á ránṣẹ́ sí fóònù mi. Òun lá máa bá yín mọ̀ ọ́n."

Dọlápọ̀ dé, ó rí i, ó pè é ní pílásítà lásán. Ìkà ò mọ̀ pé nǹkan kékeré létí!

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Kàsúmù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá gìgísẹ̀ Rọ̀kíbátù tó ti léròrò.

"Rọ̀kí! Kí lèyí?"

"Mi ò mọ̀, Alàájì. Mo sùn ni, mo jí." Ohùn ẹ̀ gbẹ bí igi.

"Irọ́ ni!" Dọlápọ̀ fò jáde. "Omi gbígbóná ló fi ṣe àlùwàlá! Ojú mi ló ṣe! Bí mo bá purọ́, kí ilé yìí lé mi jáde!"

Àṣé pílásítà ti ké sí Nọ́ọ̀sì. Ó wọlé, ó ń mí hẹlẹ, fóònù lọ́wọ́.

"Alàájì, láti aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ooru ti bà á, ó sì dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi àlùwàlá a máa ṣàn lọ ni."

"Ó dà á púpọ̀ ni!" Dọlápọ̀ já lu ọ̀rọ̀.

Rọ̀kíbátù na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kò gbóhùn sókè.

"Dọlápọ̀, ọdún mẹ́rin lo ti ń sọ fún ọkọ wa pé ò ń kírun. Ọwọ́ là ń kọ́kọ́ fọ̀ nínú àlùwàlá, ká tó kan ẹnu, imú àti ojú. Ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ọwọ́ tèmi ò kú o. Bí omi bá gbóná, ṣé n ò ní ké?"

Ọwọ́ náà ń dán, kò léròrò kan! Kàsúmù wọ yàrá Dọlápọ̀, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè. Ìgò omi kan rèé, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ìborùn Dọlápọ̀ ni wọ́n fi wé e!

"Yéè! Iṣẹ́ èṣù ni, Alàájì!"

"Èṣù ò ní ìborùn! Ìwọ lo búra, ilé ti lé ẹ!"

Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbé ẹrù Dọlápọ̀ lọ sílé àwọn èèyàn ẹ̀ ní Fádèyí. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé e lórin:

*Kékeré o, kékeré,*
*Kékeré tó mọ̀ràn jù wá lọ!*
*Ẹni finá sẹ́sẹ̀ ìyáálé,*
*Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi jáde lọ!*

Torí pé wọ́n tètè rí egbò náà, ó jinná, wọn ò gé ẹsẹ̀ mọ́. Kàsúmù dọ̀bálẹ̀ bẹ Rọ̀kíbátù. "Mo ti gbọ́," ló sọ, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Wọ́n ṣe sàárà, ó se ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja, wọ́n jẹ, wọ́n lá ìka. Nígbà tí àlejò dìde, Rọ̀kíbátù náà dìde. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú sì gbalé ẹ̀ lọ, ikùn kún, ọkàn balẹ̀.